Dókítà ní kí ọmọ mi lọ ṣe EUS: ṣé ó pọn dandan?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 9 ni ọmọbìnrin mi, kílò 26 ló wọ̀n. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni inú rírun ti gbé e dé ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ní páńkíríàsì rẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló wú. Síkáànì tí wọ́n fi orí ikùn ṣe kò rí nǹkan kan. Wọ́n ya MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà, wọ́n ní ojú ọ̀nà inú páńkíríàsì náà kò hàn dáadáa. Dókítà kan ti kọ́kọ́ dárúkọ ERCP, èyí tí wọ́n ń ki rọ́bà bọ ojú ọ̀nà òróòro àti ti páńkíríàsì láti ya ẹ́síréè rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí ní rárá, EUS ni ká kọ́kọ́ ṣe, pé wọ́n á ti ọ̀pá kan tó ní ẹ̀rọ síkáànì lẹ́nu gba ẹnu rẹ̀ wọ inú. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ó pọn dandan? Ṣé kò ní ṣe ọmọ mi léṣe? Kí ló dé tí a ò kàn ṣe ERCP ká parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ó tún ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 5. Ṣé kí òun náà lọ ṣe é?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ara ọmọ á le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín lésì ní ṣókí, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù. Ọmọ tí páńkíríàsì rẹ̀ ti wú lẹ́ẹ̀mẹta, tí síkáànì kò rí ìdí rẹ̀, tí MRI náà kò sì sọ̀rọ̀ tó yanjú, EUS tọ́ sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí màá sọ fún yín náà nìyẹn. Èyí tí inú mi sì dùn sí jù nínú ìwé yín ni pé dókítà yín gbé ERCP tì ná. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé dókítà tó bá yára débi ERCP ló mọṣẹ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ibi tí páńkíríàsì wà ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ló sá sí, ó nà gbalaja ní ìbú ikùn. Orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ti ká yí i. Ìrù rẹ̀ nà dé abẹ́ ìhà òsì. Òun ló ń ṣe insulin tó ń kó ṣúgà ẹ̀jẹ̀ níjàánu, òun náà ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Omi yìí ń gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó la àárín rẹ̀ já lọ sínú ìfun. Òróòro tó ń ti ẹ̀dọ̀ bọ̀ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó gba orí páńkíríàsì kọjá, àwọn méjèèjì sì jọ ń já sí ẹnu kékeré kan náà lára ìfun. Ìdí nìyẹn tí òkúta tó bọ́ láti inú àpò òróòro, tó wá há sí ẹnu yẹn, fi lè sé omi páńkíríàsì mọ́lé. Omi tó yẹ kó lọ da oúnjẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da páńkíríàsì fúnra rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ọmọ ká jọ mọ́ inú nìyẹn, tí lipase, ohun tí páńkíríàsì fi ń da ọ̀rá, fi ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ibi tó yẹ kó mọ.

Lára ọmọ tó tó ọmọ yín, ojú ọ̀nà omi páńkíríàsì kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bíi 1 sí 2 mm lọ. Síkáànì orí ikùn ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ìró náà kì í sì í la afẹ́fẹ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló máa ń wà nínú àpò oúnjẹ àti ìfun tó bo páńkíríàsì níwájú. Afẹ́fẹ́ kì í dí MRI lọ́wọ́, kò sì ní ìtànṣán, nítorí náà mo gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmọdé ń mí, ó ń mira, ojú ọ̀nà tí kò fẹ̀ sì máa ń parẹ́ mọ́ inú àwòrán. Òkúta tí kò tó 5 mm lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, “kò hàn dáadáa” tí wọ́n kọ sínú èsì yín yàtọ̀ sí “kò sí nǹkan kan níbẹ̀”. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ secretin kí wọ́n tó ya MRI náà. Oògùn yìí máa ń jẹ́ kí omi páńkíríàsì tú jáde, ojú ọ̀nà á kún, á sì hàn. Bí wọn ò bá fún un, tí ọsibítù yín sì ní in, kò burú kí wọ́n tún MRI yà pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

EUS jẹ́ síkáànì tí wọ́n gbé wọ inú lọ. Ọ̀pá rírọ̀ kan ni, kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ síkáànì kékeré sì wà pẹ̀lú kámẹ́rà náà. Wọ́n á tì í gba ẹnu, gba ọ̀nà ọ̀fun, wọ àpò oúnjẹ, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Síkáànì orí ikùn dà bí ẹni tó dúró síta gbangba tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ìyẹ̀wù, tí ariwo inú ilé kò sì jẹ́ kó gbọ́. EUS ti wọlé, ó ti jókòó ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láti inú àpò oúnjẹ, ara ògiri rẹ̀ nìkan, tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, ló wà láàárín ẹ̀rọ náà àti páńkíríàsì. Nítorí pé ó sún mọ́ ọn, ó lè lo ìró tó ga, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n kíákíá, láti nǹkan bíi 5 dé 12 MHz (mílíọ̀nù 5 sí 12 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìró tó bá ga máa ń fi nǹkan wínníwínní hàn, àmọ́ kì í rìn jìnnà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà níta kò fi lè lò ó dáadáa. Kò sí ẹ́síréè nínú rẹ̀ rárá, kò sí ìtànṣán. Wọn ò ní la ara ọmọ, wọn ò ní rán an.

Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀rọ yìí. Ní 1992, ní Denmark, Peter Vilmann àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ mú ẹran díẹ̀ láti ara páńkíríàsì, láti ìgbà náà ló ti di ohun tó lè wò tó sì lè mú nǹkan bọ̀. Ara àgbàlagbà ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń ṣe é o. Ẹnu ọ̀pá náà máa ń nípọn tó 12 sí 14 mm, ó tún le, kì í tẹ̀ bí ìyókù. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n ọmọ fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ààlà tí àwọn amòye Yúróòpù fi lélẹ̀ ni nǹkan bíi kílò 15, ìyẹn ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Fún ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń yá ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà èémí, èyí tí kò nípọn ju nǹkan bíi 7 mm lọ, wọ́n á sì tì í gba ọ̀nà oúnjẹ. Ti ọmọ yín kò le: kílò 26 ti kọjá ààlà yẹn dáadáa.

Ní ọjọ́ náà, ọmọ kò ní jẹun. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni wákàtí 6 fún oúnjẹ líle, omi lásán sì lè dé wákàtí 2 sí ìgbà iṣẹ́, ṣùgbọ́n ti dókítà oògùn oorun yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọmọ kékeré kò ṣeé ṣe EUS fún lójú ayé. Wọ́n á kùn ún lóorun pátápátá, wọ́n sì sábà máa ń ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀ kí ọ̀pá má baà tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún dókítà oògùn oorun bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ dí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí oògùn kan bá máa ń bínú sí i lára, bó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ẹ sọ bí eyín rẹ̀ kan bá ń mì pẹ̀lú! Ọmọ ọdún 9 ni, eyín rírọ́pò ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí eyín já bọ́ sínú ọ̀nà èémí láàárín iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí èyí.

Bí ọmọ bá ti sùn, ibi mẹ́ta ni dókítà máa dúró sí. Láti inú àpò oúnjẹ, á wo ara àti ìrù páńkíríàsì. Láti ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, á wo orí rẹ̀ àti ọ̀nà òróòro. Láti ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, á wo ẹnu tí ọ̀nà méjèèjì ń já sí. Á máa fa afẹ́fẹ́ jáde, á sì máa fi omi díẹ̀ dípò rẹ̀, torí ọ̀tá ìró ni afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí pé wọ́n fẹ́ lo abẹ́rẹ́, iṣẹ́ náà kì í sábà kọjá wákàtí kan.

Ojú ẹ̀rọ kò jọ fọ́tò, ó sì dáa kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Omi máa ń dúdú. Páńkíríàsì tó dá ṣáká máa ń jẹ́ eérú, tí àmì funfun wínníwínní fọ́n ká inú rẹ̀ dọ́gbadọ́gba, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí etí rẹ̀ dán á sì la àárín rẹ̀ kọjá: ojú ọ̀nà omi rẹ̀ nìyẹn. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dúdú, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára má baà sì wọ́n mú, wọ́n á tan àwọ̀ sí i. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn á mọ́ pupa tàbí búlúù, ojú ọ̀nà òróòro kò ní yí àwọ̀ padà. Òkúta inú ọ̀nà òróòro máa ń funfun gbòò, òjìji dúdú kan á sì nà láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òróòro kò ní òjìji, ó kàn máa ń fò díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá yí ọmọ dà. Bó bá jẹ́ aràn ni, ó máa ń gùn bí okùn tí ìlà méjì ya etí rẹ̀, nígbà mìíràn á tún máa yí. Aràn gígùn tó ń gbé inú ìfun lè gun ọ̀nà òróòro, ó sì ti fa inú rírun páńkíríàsì lára ọ̀pọ̀ ọmọ níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí EUS máa ń fi hàn kedere nìyẹn.

Kí ni wọ́n wá ń wá lára ọmọ yín? Àkọ́kọ́ ni òkúta àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń yára bàjẹ́, irú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ni òkúta òróòro sábà máa ń bá léwe, àmọ́ ó lè bá ọmọ tí kò ní nǹkan kan náà. Bí EUS bá rí i, ọ̀rọ̀ di èyí tó ní ojútùú: wọ́n á yọ òkúta náà, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ àpò òróòro kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe bí ojú ọ̀nà náà. Nínú oyún, apá méjì ni páńkíríàsì ń bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá so pọ̀. Lára àwọn ènìyàn kan, ojú ọ̀nà méjèèjì kì í so, ọ̀pọ̀ omi á wá máa gba ẹnu kékeré kejì jáde. Pancreas divisum ni orúkọ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí o: nǹkan bíi ènìyàn 5 sí 10 nínú 100 ló ní i, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò ní mọ̀ títí wọ́n á fi kú. Tí EUS bá rí i lára ọmọ yín, kò túmọ̀ sí pé a ti mú olè. Mo máa ń fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò jíìnì, ohun àjogúnbá inú ara, pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó gbà pé òun ló ń fa wàhálà. Ohun mìíràn ni kí ọ̀nà òróòro àti ti páńkíríàsì ti pàdé jìnnà sí ẹnu ìfun, tí wọ́n fi ń da omi pọ̀ mọ́ra lójú ọ̀nà. Ìyẹn kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ó sábà máa ń bá ọ̀nà òróòro tó fẹ̀ sódì rìn, ó sì lè di jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ abẹ gé e kúrò.

Ẹ̀kẹta ni bóyá páńkíríàsì ti ń gbó, tí egbò àtijọ́ ti ń le nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi kì í yá. Ìlànà Rosemont tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni ọ̀pọ̀ ń lò láti ka àwọn àmì rẹ̀, irú bí àmì funfun tó tóbi, ìlà tó ya ara rẹ̀ sí yàrá yàrá, etí ojú ọ̀nà tó funfun jù. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe ìlànà náà. Páńkíríàsì ọmọdé kò rí bíi ti àgbàlagbà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú sì lè gbé ìrísí àìsàn tó ti pẹ́ wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹnì kan bá fi àmì méjì péré sọ fún yín pé àìsàn ọmọ ti di èyí tí kò ní lọ mọ́ títí ayé rẹ̀, ẹ ní kí dókítà kejì wo àwòrán náà. Ìdí kan náà ló fi dáa kí wọ́n dúró nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà tí inú rírun ìkẹyìn ti rọlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe EUS, àyàfi bí ojú ọmọ bá ti di yẹ́lò tàbí tí ibà ń ṣe é, tí wọ́n fura pé òkúta há.

Kókó inú páńkíríàsì ṣọ̀wọ́n lára ọmọdé. Mo dárúkọ rẹ̀ torí pé ẹ máa rí i bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó máa ń bá àwọn ọmọbìnrin tó ń bàlágà ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì gé e kúrò tán, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń gbádùn. Àìsàn mìíràn wà tí agbára tó ń gbèjà ara á yíjú sí páńkíríàsì, á wú bíi kókó, bẹ́ẹ̀ oògùn sítẹ́rọ́ìdì ló ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Abẹ́rẹ́ EUS ló lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Fún irú ìyẹn, mo gbà pé EUS kò ní ẹlẹgbẹ́.

Ó wá kan ERCP. Ọ̀pá ni òun náà, ẹnu ni wọ́n ń tì í gbà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ERCP á ki rọ́bà wẹ́rẹ́ bọ ẹnu ọ̀nà òróòro tàbí ti páńkíríàsì, á da oògùn sí i, wọ́n á sì ya ẹ́síréè. Ó lè gé ẹnu tó há, ó lè fa òkúta jáde, ó lè fi rọ́bà kékeré la ibi tó ti fún. Ọwọ́ ló ní, ó mọ iṣẹ́ ṣe. Àmọ́ títọwọ́ bọ ojú ọ̀nà páńkíríàsì lè bí i nínú. Nínú ọmọ 100 tí wọ́n ṣe ERCP fún, bíi 3 sí 10 ni páńkíríàsì wọn ń wú lẹ́yìn rẹ̀, àgàgà àwọn tí wọ́n da oògùn sí ojú ọ̀nà páńkíríàsì wọn. Ẹ wò ó: ọmọ tí ẹ gbé wá torí páńkíríàsì tó ń wú, ẹ ò fẹ́ fi àyẹ̀wò wú u lẹ́ẹ̀kẹrin, láìtíì mọ̀ bóyá nǹkan kan wà láti tọ́jú. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi ERCP wò lásán torí kò sí ohun mìíràn. Ní báyìí, ìgbà tí a bá ti mọ ohun tí a fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ ni a ń lò ó. EUS kì í fọwọ́ kan ojú ọ̀nà náà rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dúró sí wò ó. Bí EUS bá rí òkúta, ní àwọn ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ méjèèjì, wọ́n lè ṣe ERCP lójú oorun kan náà. Bí kò bá sì rí nǹkan kan nínú ọ̀nà òróòro, ẹ ti yọ ọmọ nínú ERCP nìyẹn.

Nípa ewu, EUS tí wọ́n kàn fi wò kì í sábà ṣe ọmọ ní nǹkan ju ọ̀fun dídùn ọjọ́ kan lọ. Kí ọ̀pá lu ògiri ìfun tàbí ti ọ̀nà ọ̀fun ṣọ̀wọ́n gan-an, kò tó ọ̀kan nínú 100. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ mú ẹran, ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò lè wọlé, páńkíríàsì lè wú. Lára àgbàlagbà, nǹkan bíi 1 sí 2 nínú 100 ni, ti ọmọdé kò sì jìnnà sí i. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ jù lára ọmọdé ni oorun náà, ìdí nìyẹn tí màá fi fẹ́ dókítà oògùn oorun tó mọ ọmọdé dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, dókítà tó ń fi EUS wo àgbàlagbà lójoojúmọ́ ló ń ṣe é fún ọmọdé, dókítà ọmọdé á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀ka tó wà lára ilẹ̀kùn lọ.

Bí ẹ bá dé ilé, tí inú ń run ún gan-an, tí ibà ń ṣe é, tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tí àyà tàbí ọrùn ń dùn ún, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí lẹ máa ṣe bí ẹ bá rí nǹkan, kí sì lẹ máa ṣe bí ẹ kò bá rí?” Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, àyẹ̀wò náà lè dúró. Lára ọmọ yín, mo rò pé wọ́n máa yàtọ̀. Ẹ tún rí i dájú pé wọ́n ti ṣe àwọn tí kò gba oorun: ọ̀rá triglyceride inú ẹ̀jẹ̀, tó lè wú páńkíríàsì bó bá ti ju 1,000 mg/dL lọ, calcium, àyẹ̀wò jíìnì PRSS1, SPINK1, CFTR àti CTRC, àwọn jíìnì tó lè jẹ́ kí páńkíríàsì máa wú bí wọ́n bá yí padà. Kí wọ́n wo oògùn tó ń lò pẹ̀lú. Valproate tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní gìrì wárápá lè fa irú èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni asparaginase tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n á gbé ọmọ dé orí bẹ́ẹ̀dì EUS, láìsí ẹni tó bèèrè oògùn tó ń mu.

Fún àwọn ìyá mìíràn tó ń kà á: EUS kọ́ ni ẹ ó wá lọ fún ọmọ ọwọ́ tí ojú rẹ̀ ṣì yẹ́lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bí i, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ìyẹn lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro rẹ̀ ti dí pátápátá. Iṣẹ́ abẹ tó wà fún un máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gbé e lọ. EUS kò tún mọ àwọn ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. MRI ló ni ìyẹn.

Ní ti àbúrò rẹ̀, rárá. Ọmọ tí inú kò run, tí ara rẹ̀ dá, kò sí ohun tí EUS máa wá lára rẹ̀ tó tó gbígbé e lọ sójú oorun. Ọ̀nà kan tó lè fi kàn án ni bí àyẹ̀wò jíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi PRSS1 tó yí padà hàn. Ìyẹn máa ń ti ara òbí kan bọ́ sára ọmọ, ìdajì ìdajì ni, ó sì lè bọ́ sára òun náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ẹ lọ jókòó pẹ̀lú dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn ìdílé kẹ́nikẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún 5. Títí dìgbà náà, bó bá ní inú ń run òun lókè ìdodo, tí ó dé ẹ̀yìn, tí ó sì ń bì, ẹ sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún dókítà tó bá kọ́kọ́ wò ó, kí wọ́n sì wo lipase rẹ̀ lọ́jọ́ náà.